Ìwé Tí Mo Fi Ń Ka Ikọ́ Ọmọ Mi

Iṣẹ́ wíwo àbùkù ni mo fi ọdún mọ́kànlá ṣe ní Ìkẹjà. Abọ́ irin ni ilé-iṣẹ́ wa ń ṣe, àwọn abọ́ funfun tí wọ́n fi ọ̀dà bíi gíláàsì bò, tí etí wọn jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Tí wọ́n bá ti gbé wọn jáde nínú ìléru, tí wọ́n sì ti tutù, ọ̀dọ̀ àwa obìnrin mẹ́fà ni wọ́n ń bọ̀, lórí tábìlì gígùn kan lábẹ́ iná. A ó gbé abọ́ sókè, a ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, a ó wo inú rẹ̀, a ó wo ìdí rẹ̀, a ó fi èékánná kan etí rẹ̀ kí a lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Èyí tó mọ́, ọwọ́ ọ̀tún. Èyí tó ní àmì dúdú ẹyọ kan, àárín. Èyí tó ní ju ẹyọ kan lọ, ilẹ̀. Èmi ni abọ́ tí mò ń dá padà máa ń pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ááńtí Dá-a-padà. Kò dùn mí. Mo jáde ilé-ìwé girama, ohun tí mo sì mú jáde níbẹ̀ ni pé tí ènìyàn bá pe nǹkan ní ẹyọ kan, kí ó jẹ́ ẹyọ kan.

Ọ̀gá wa jẹ́ àgbàlagbà kan láti apá Èkìtì, tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ dáná sí ìléru. Òfin kan ṣoṣo ló fi kọ́ gbogbo wa níṣẹ́. Tí àmì dúdú bá ń pọ̀ lára abọ́, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan méjì pọ̀. A ó yí ẹyọ kan padà, a ó jẹ́ kí igba abọ́ kọjá, a ó kà á, kí a tó yí òmíràn. Ó máa ń sọ pé, “Abọ́ kì í purọ́. Ẹni tó ń wò ó ló lè purọ́.”

Nígbà kan, àmì dúdú gba gbogbo abọ́ wa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. A yí omi, a yí búrọ́ọ̀ṣì, a yí àwọn tó ń ri abọ́ bọ ọ̀dà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọ̀gá gbé asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ ọ̀dà sókè sí fèrèsé, ó sì fi ojú ihò kan hàn mí tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n pààrọ̀ asẹ́ náà, abọ́ sì mọ́ ní ọjọ́ kejì. Mo rántí bí inú mi ṣe dùn, bí ẹni pé èmi ni mo bí abọ́ wọ̀nyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìnídìí, àti pé tí ènìyàn bá fara balẹ̀ tó, ìdí náà kò ní lè sá pamọ́ fún un.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni. Ó ti pé ọmọ ọdún méje nígbà tí ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Agége là ń gbé nígbà náà, yàrá kan nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, tí ìdajì wọn dojú kọ ìdajì. Láti fèrèsé wa, à ń wo èéfín ibì kan tí wọ́n ti ń yọ́ àlòkù irin. Ikọ́ náà gbẹ, ó ń dún bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fa aṣọ ya. Tó bá mú un tán, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, kòtò ọrùn rẹ̀ á máa wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá mí. Ó lè ṣe é ní ọjọ́ mẹ́wàá léraléra, kó tún fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin bí ẹni pé kò ṣe é rí.

Mo gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba. Ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba ń pè ní SAP ti wọlé nígbà náà, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń ra òwú àti abẹ́rẹ́ wá, àwọn dókítà sì ń lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá ní mẹ́ta mẹ́ta. Èyí tó kù tí a bá níbẹ̀ kò tíì dàgbà púpọ̀, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀. Ó gbọ́ àyà ọmọ náà níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan báyìí, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ohun kan wà tí ọmọ náà ń jẹ tàbí tí ó ń fà símú tó ń jí ikọ́ náà dìde. Mo bi í pé kí ni ohun náà. Ó ní òun kò lè mọ̀ láti orí àga òun. Ó ní, “Ẹ máa ṣọ́ ọ, Mà. Ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.”

Ìyá mìíràn ì bá ti bínú. Èmi, ọkàn mi balẹ̀. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ tí mo mọ̀ lé mi lọ́wọ́.

Mo ra ìwé ìkọ̀wé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé. Mo fa ìlà sí i: ọjọ́, oúnjẹ, ojú ọjọ́, iye ikọ́. Igi kan fún ikọ́ kan, bí a ti ń ṣe níbi iṣẹ́. Nítorí pé mi ò sí nílé láti aago méje àárọ̀ títí di aago márùn-ún, mo kọ́ ọmọ mi náà bí a ṣe ń fa igi, mo sì so bírò mọ́ ìwé náà pẹ̀lú òwú kí ó má baà sọnù. Ó tètè mọ̀ ọ́n. Ó máa ń fi igi karùn-ún dábùú mẹ́rin, ó sì máa ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Inú mi dùn sí ọwọ́ rẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí nǹkan padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ kan fún ọ̀kan. Mo gbé sítóòfù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ikọ́ kúrò ní mọ́kànlélógójì lọ́sẹ̀, ó di méjìdínlógójì. Mo fi páálí dí fèrèsé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ó di mẹ́rìnlélógójì, ooru sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Mo gba ẹ̀pà lẹ́nu rẹ̀, ó di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo ti ń yọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan ohunkóhun, ó padà sí mẹ́tàlélógójì.

Bàbá ọmọ mi ń wa mọ́tò fún ìdílé kan ní GRA Ìkẹjà, yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé wọn ló ń sùn láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, a sì gbé ọmọ náà lọ síbẹ̀. Igi ni gbogbo àdúgbò náà, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ọjọ́ mẹ́fà, kò wúkọ́. Ní ọjọ́ keje, ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ti ibi iṣẹ́ lọ síbẹ̀ tààrà. Ó sáré pàdé mi, ó gbá mi mọ́ra, kí n sì tó jókòó, ikọ́ ti mú un. Bàbá rẹ̀ wò mí. Èmi náà wo ara mi. Eruku funfun láti ilé-iṣẹ́ wà ní ìṣẹ́tí aṣọ iṣẹ́ mi.

Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Olùṣọ́ ẹnu géètì ń sun ewé gbígbẹ lẹ́yìnkùlé. Bàbá rẹ̀ pàápàá jẹ́wọ́ pé òun ti fún un ní ẹ̀pà díẹ̀. Ohun mẹ́rin ní wákàtí kan. Bàbá rẹ̀ ní ayọ̀ ni. Mo bi í pé níbo ló ti rí i rí tí ayọ̀ ń mú ènìyàn wúkọ́. Ó ní, “O kò fẹ́ kó jẹ́ ayọ̀ ni. Ayọ̀ ò ṣeé mú kúrò.”

Láti ìgbà náà lọ, ibi iṣẹ́ ni mo ti ń wẹ̀. Mo ń ká aṣọ iṣẹ́ sínú ọ̀rá, mo ń fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, mi ò sì jẹ́ kí ọmọ náà súnmọ́ mi títí n ó fi fọ ọwọ́ àti irun mi lẹ́ẹ̀kejì nílé. Nígbà tó yá, kò sáré pàdé mi mọ́. Ikọ́ di ọgbọ̀n, ó di márùndínlógójì. Mi ò lè sọ pé èmi ni. Mi ò sì lè sọ pé èmi kọ́.

Ohun tó kù ni yàrá Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà ni onílé wa, ọmọ Agége gan-an, Àlàájà. Fìlà ló ń fi ọwọ́ rán, ojú rẹ̀ kò sì rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Lójoojúmọ́, tí ọmọ mi bá ti dé láti ilé-ìwé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Á ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, á gún wọn mọ́ fóòmù kékeré kan ní ìlà, kí màmá náà lè máa fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí di ọjọ́ kejì. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Àgbà máa ń sun tùràrí. Mo padà sínú ìwé mi. Nínú ọjọ́ Ẹtì méje, márùn-ún ni ikọ́ ti pọ̀ ju ti ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé fún Ìyá Àgbà. Mo mú ìwé náà dání. Wọ́n fi ọwọ́ pa á lára, wọn ò ṣí i.

“Ìyàwó,” wọ́n ní, “o ń ka ikọ́. Ṣé o tún máa ka èémí rẹ̀?”

Mo ní ikọ́ nìkan ni.

“Ó dáa. Mú ọmọ rẹ. Ọlọ́run ló ni í, ìwọ lo bí i, èmi abẹ́rẹ́ ni mo ní.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yíjú sí ògiri. Ọmọ mi kò sunkún. Ó lọ gbé fóòmù náà lé orí àpótí Ìyá Àgbà, ó sì wọ yàrá wa lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ikọ́ di méjìlá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, òdo. Mo ń ṣí ìwé ní aago márùn-ún, n ó rí òdo roboto tí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún léra. Mo mú ìwé náà lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá wa wọ jígí rẹ̀, ó ṣí i láti ojú ewé kìn-ín-ní, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó ní, “Ó dà bíi pé o ti rí asẹ́ tó ya.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo sọ ọ́ fún bàbá ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ogúnjọ́ bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo tètè ti ibi iṣẹ́ dé, mo ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé ní ọ̀sán, mo sì ń gbọ́ tí ẹnì kan ń da omi láti òkè wá sílẹ̀ nínú balùwẹ̀, á dà á, á tún dà á. A máa ń tò fún omi nígbà náà. Mo dìde láti lọ bá ẹni tó ń fi ṣòfò wí. Ọmọ mi ni. Kò bọ́ aṣọ. Ó fi ọwọ́ kan da omi láti inú abọ́ wa kan, ó sì fi ìborí mi àtijọ́ tẹ ẹnu rẹ̀ pa pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

Mo dúró títí ó fi mí. Mo wá bi í pé ìgbà wo ló ti ń ṣe èyí.

“Láti ìgbà tí mi ò lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà mọ́.”

“Kí ló dé?”

“Tí mo bá wúkọ́, ẹ máa kọ ọ́. Tí ẹ bá ti kọ ọ́, ẹ máa mú nǹkan kúrò.” Ó ń wo abọ́ ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ ti mú ẹ̀pà. Ẹ ti dí fèrèsé. Ẹ kì í gbá mi mọ́ra mọ́. Mo rò pé tí òdo bá pọ̀, ẹ máa jẹ́ kí n padà lọ.”

Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àmì dúdú ẹyọ kan ní ìdí. Ó lè jẹ́ ọwọ́ èmi fúnra mi ló ti gbà á kọjá.

Mo jókòó ti ìwé aláwọ̀ ewé náà ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó tẹ́jú, ó mọ́, ìlà rẹ̀ gún. Mi ò mọ èwo nínú rẹ̀ tó jẹ́ òtítọ́. Mo bi ọmọ náà bóyá ó ti ń fi ikọ́ pamọ́ kí n tó gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ronú, ó ní òun ò rántí. Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn tí mo fẹ́, mi ò sì bi í mọ́. Ohun tí ọ̀gá wa sọ nípa abọ́, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n abọ́ kò mọ̀ pé a ń wo òun, abọ́ kò sì ní ohun tó lè pàdánù. Èmi ni mo mú ohun tí mò ń yẹ̀ wò, tí mo tún fi bírò lé e lọ́wọ́ pé kó máa yẹ ara rẹ̀ wò.

Láàárín ìgbà náà ni nǹkan dojú rú níbi iṣẹ́. Ìyẹ̀fun gíláàsì tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, Náírà kò sì lè rà á mọ́. Wọ́n ra òmíràn níbí. Epo dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń dáná ìléru wọ́n, wọ́n yí i sí òmíràn. Ẹ̀rọ omi bàjẹ́, wọ́n ń gbé omi wá nínú tánkà. Gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí abọ́ kan tó jáde ní mímọ́. Ọ̀gá wa dúró nídìí tábìlì wa, ó ń yí abọ́ po lọ́wọ́, ó ń gbé e sílẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá fún òun ní oṣù mẹ́ta, tí wọ́n sì jẹ́ kí òun mú nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á rí i. Kò sí ẹni tó ní oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n kó gbogbo wa jọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní ká máa lọ sílé títí wọ́n á fi ránṣẹ́ pè wá. Wọn ò ránṣẹ́.

Ikọ́ ọmọ mi ti le jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú, mo fi í síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, mo lọ wò ó. Ó ti sanra. Èjìká rẹ̀ kò lọ sókè sódò. Mo bi ìyá mi pé ìgbà mélòó ló ń wúkọ́ lójúmọ́.

“Ó ń wúkọ́ bí gbogbo ọmọ,” ìyá mi ní. “Ta ló ń kà á?”

Mo padà sí Agége, mo ń rò ó nínú ọkọ̀. Ó ti kúrò nínú ilé wa. Èmi náà ti kúrò níbi eruku. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí mo sì dé yàrá wa, tí mo ṣí páálí kúrò lójú fèrèsé, mi ò rí èéfín. Àwọn tó ń yọ́ irin náà ti kógbá sílé, mi ò sì lè sọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lọ, nítorí páálí tí èmi fúnra mi fi dí i. Mo ṣí ìwé náà láti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo rí i pé kò sí ìlà tí mo lè fà tó máa ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Mo dé bírò.

Sáà ilé-ìwé méjì ló lò ní Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ Ẹtì ló padà dé, ní ọ̀sán. Ó ti ga. Ó dúró láàárín yàrá pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́wọ́, kò gbé e sílẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ ti rí ohun tó ń fà á?”

Mo ní rárá.

“Ṣé mo wá lè lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà?”

Òórùn tùràrí ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wá ìdí kan tí n ó fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò rí i. Mo wá ìdí kan tí n ó fi sọ pé rárá, òun náà kò sí. Tí mo bá jẹ́ kó lọ, mo lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí n ó gbà mọ̀ ni kòtò ọrùn rẹ̀. Ó ń wò mí, kò tiẹ̀ bẹ̀ mí. Mo gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ.

Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà, mo dúró lẹ́yìn aṣọ títa. Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń bi í pé ta nìyẹn, mo gbọ́ tí wọ́n pariwo orúkọ rẹ̀, tí wọ́n ń bú u pé ó jẹ́ kí àwọn rán fìlà wíwọ́ fún odindi ọdún. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wá fóòmù nínú àpótí. Lẹ́yìn náà, wọ́n dákẹ́, mo sì mọ̀ pé ó ti gbé abẹ́rẹ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀.

Ẹnì kan wúkọ́ nínú yàrá náà, lẹ́ẹ̀kan péré. Àgbàlagbà ni Ìyá Àgbà, àwọn náà máa ń wúkọ́. Mo di aṣọ títa náà mú. Mo dúró, mo ń fetí sílẹ̀ bóyá yóò tún ṣe é, mi ò sì wọlé, mi ò sì kúrò níbẹ̀.